Ẹ Wẹ̀yìn Páálí Kí Ẹ Tó Rà Á: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Yàgò fún Oúnjẹ Àtọwọ́dá Iléeṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Nínú oríkì ìlú wa, Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni ibi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Oúnjẹ méjì ni oríkì yìí dárúkọ, kò sì sí èyí tí kò gba iṣẹ́ nínú méjèèjì. Iṣu tí ó di ọkà ti di bíbẹ, wọ́n ti bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n ti sá a títí ó fi di gbódó, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti kù ú, kí ẹnikẹ́ni tó lè pè é ní èlùbọ́. Yangan tí ó di ẹ̀kọ ti sùn nínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta, ó ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́lọ̀, wọ́n ti sẹ́ ẹ, ògì rẹ̀ ti kan, kí ó tó dórí iná. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé nígbàkigbà tí mo bá sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi pé kí a dín oúnjẹ tí iléeṣẹ́ ti ṣe àṣejù sí lára kù, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Èlùbọ́ ńkọ́? Gàrí ńkọ́? Ṣé wọn kò ṣiṣẹ́ sí ìyẹn náà lára ni?" Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín fún ẹni tí ó ń ti Tákíè, Sábó tàbí ọjà Waso gbé oúnjẹ wọlé fún ìdílé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ẹ ń yàgò fún

Ní ọdún 2009, Carlos Monteiro, onímọ̀ nípa oúnjẹ àti ìlera ará ìlú ní Yunifásítì São Paulo ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, kọ̀wé pé kí a má ṣe máa fi èròjà aṣaralóore nìkan díwọ̀n oúnjẹ, bí kò ṣe pé kí a máa wo irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ètò ìpín-oúnjẹ tí ó ti ibẹ̀ jáde, tí a mọ̀ sí NOVA, ní ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ọ̀wọ́ kìíní ni oúnjẹ bí ó ṣe ti oko tàbí odò wá, àti èyí tí a kàn gbẹ, tí a lọ̀, tí a sè tàbí tí a jẹ́ kí ó kan: iṣu, ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́, ẹja, èlùbọ́, gàrí, ògì. Ọ̀wọ́ kejì ni ohun tí a fi ń se oúnjẹ, bí iyọ̀, epo pupa, òróró àti ṣúgà. Ọ̀wọ́ kẹta ni èyí tí a fi ohun ọ̀wọ́ kejì tọ́jú, bí ẹja inú agolo tí kò ní ju ẹja, òróró àti iyọ̀ lọ, tàbí búrẹ́dì tí kò ní ju ìyẹ̀fun, omi, ìwúkàrà àti iyọ̀ lọ.

Ọ̀wọ́ kẹrin ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, òun ni mo ń pè ní oúnjẹ àtọwọ́dá iléeṣẹ́. Ní ti èyí, iléeṣẹ́ kò kàn lọ oúnjẹ tàbí kí wọ́n gbẹ ẹ́. Wọ́n tú u palẹ̀ ni, wọ́n fa sítáàṣì, ṣúgà, ọ̀rá àti purotéènì rẹ̀ yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n wá tún wọn tò pọ̀ pẹ̀lú aró, òórùn àtọwọ́dá, ohun amọ́bẹ̀dùn àti ohun tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ̀rá pínyà, títí tí wọn yóò fi rí nǹkan tí ó rọrùn láti jẹ, tí ó ń pẹ́ lórí àtẹ, tí ẹnu kì í sì í tètè kọ̀. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́dùùsì tí gbogbo wa ń pè ní índómì, bisikíìtì, sọ́séèjì, kọ́nfíléèkì aláwọ̀ mèremère, kúùbù ìsebẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú ohun mímu onígò tí wọ́n ya èso sí lára.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ àṣà lásán ni mo ń sọ, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní NIH, kó àgbàlagbà 20 sínú ilé kan, Kevin Hall sì ni olórí àwọn olùwádìí náà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ àtọwọ́dá ni wọ́n ń gbé síwájú wọn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, oúnjẹ gidi ni. Wọ́n rí i dájú pé ṣúgà, iyọ̀, ọ̀rá àti okun-inú tí ó wà nínú oúnjẹ méjèèjì tí wọ́n gbé kalẹ̀ dọ́gba, wọ́n sì ní kí kálukú jẹ títí yóò fi yó. Nígbà tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, ó hàn pé ohun tí àwọn ènìyàn náà ń jẹ lójoojúmọ́ ní àkókò oúnjẹ àtọwọ́dá fi bí kálórì 500 ju ti ìgbà kejì lọ, wọ́n sì fi ohun tó sún mọ́ kílò kan sanra. Ní ìgbà oúnjẹ gidi, wọ́n fọn ní ìwọ̀n kan náà. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá fún wọn ní àjẹjù. Ó jọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe oúnjẹ náà ló mú kí wọ́n máa jẹun kíákíá, kí wọ́n sì máa bù kún un. Èyí ni mo fi gbà pé kì í ṣe ojúkòkòrò ọmọ ni ó ń jẹ́ kí páálí bisikíìtì tán ní ìjókòó kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ti ilé bẹ̀rẹ̀

Kí ẹ tó gbé àpò ọjà, ẹ kó ohun gbogbo tí ó wà nínú ọ̀rá, páálí, ìgò àti agolo nílé ìdáná yín jáde sórí tábìlì, kí ẹ sì yí ẹ̀yìn wọn síta. Ẹ má da ìkankan nù, owó ni ẹ fi rà wọ́n. Ohun tí ẹ ń wá ni àwọn tí ẹ máa ń rà padà ní oṣooṣù, nítorí ohun tí a jẹ lẹ́ẹ̀kan nígbà ọdún kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó ń wọ inú ìkòkò ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nígbà tí èmi ṣe é, mẹ́rin péré ni mo rí pé wọ́n kó ilé mi sápò: kúùbù, nọ́dùùsì, mílíìkì inú ọ̀rá àti ohun mímu ṣokoléètì tí a ń pò fún àwọn ọmọ láàárọ̀. Orí mẹ́rin yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo kì í pẹ́ padà sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ jẹ, kí ẹ tó kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ kọ pé, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ògì àti àkàrà. Ní ọ̀sán, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ní alẹ́, àmàlà pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì. Kí ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí po. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ pé kóńgò ẹ̀wà méjì ni ẹ nílò, nítorí àkàrà, gbẹ̀gìrì àti ìrẹsì yẹn ni yóò pín in. Ìwé ọjà tí kò sí oúnjẹ lẹ́yìn rẹ̀ máa ń fi àyè sílẹ̀, ohun inú páálí ló sì máa ń wọ àyè náà. Kí ẹ sì jẹun kí ẹ tó jáde, nítorí pé ẹni tí ebi ń pa kò ní ka ẹ̀yìn ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ dé, ṣọ́ọ̀bù ni kí ó gbẹ̀yìn

Ìlànà yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo kọ síhìn-ín, òun ni ó yí àpò ọjà mi padà jù. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù yóò ti ná ìdajì owó rẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ata wà. Ẹ ti ọjà wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú owó tí ó ṣẹ́kù, kí ohun tí ẹ máa rà níbẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ọjà kò ní.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìdí ohun gbígbẹ. Ẹ bu èlùbọ́ díẹ̀ sáàárín ìka, kí ẹ fi ọ̀tún àti òsì yí i. Bí ó bá dì pọ̀, ọ̀rinrin wà lára rẹ̀, kò sì ní pẹ́ hu. Ní ti ẹ̀wà, ẹ gbé e sún mọ́ imú. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra pé kí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀wà má ṣe máa fọ́n oògùn kòkòrò sí i, nítorí náà bí òórùn tí ó ta yín nímú kò bá jọ ti ẹ̀wà, ẹ kí ìyá ẹlẹ́wà pé ẹ kú ọrọ̀ ajé, kí ẹ sì kọjá. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ àtọwọ́dá ní tààrà, ṣùgbọ́n mi ò lè ní kí ènìyàn sá kúrò nínú ọ̀rá iléeṣẹ́ kí n má sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú igbá ló mọ́.

Irú ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ rà, nítorí òun ni yóò gba ipò kúùbù. Ẹ ní kí ìyá onírú ṣí ewé fún yín. Irú wọ́rọ́ tí ó dára máa ń dá dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí kòkó, ó ń yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ le ṣùgbọ́n kò rà. Bí ẹ bá tẹ ẹyọ kan, yóò fọ́ bí ẹ̀wà tí ó jinná. Bí ó bá ń fa bí ìkọ́, tí òórùn rẹ̀ sì jọ ti ohun tí ó ti ń kẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀. Irú pẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ rà fún ọbẹ̀ ewédú, kí ẹ ra irú wọ́rọ́ fún ẹ̀fọ́ àti ata díndín. Ẹ bi í bóyá èso igi ìgbá ni ó fi ṣe é tàbí sóyà, nítorí àwọn méjèèjì ló wà lórí àtẹ báyìí. Kò sí èyí tí ó burú, ṣùgbọ́n ti ìgbá ló ta sánsán jù, díẹ̀ rẹ̀ sì tó ìkòkò kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú, ẹ ra edé, ẹja gbígbẹ, ata ilẹ̀, aáyù àti alùbọ́sà tí ó pọ̀. Bí ẹ bá ti ní àwọn wọ̀nyí nílé, ọwọ́ kò ní máa wá kúùbù.

Wàrà ni ẹ ó rí lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní, nínú omi rẹ̀, nínú igbá tàbí abọ́ ńlá. Mílíìkì màlúù ni, omi ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú un dì, kò sì sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ẹ ra èyí tí ó funfun, tí ó le díẹ̀, kí ẹ sì tún un sè nílé kí ẹ tó dín in tàbí kí ẹ tó jù ú sọ́bẹ̀. Ní tèmi, kò sí ẹran inú ike kankan tí ó lè gba ipò wàrà nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́.

Èso kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ ra èyí tí ó wà lásìkò rẹ̀, torí ìgbà náà ni ó ń dùn, ìgbà náà ni ó sì ń pọ̀. Àsìkò máńgòrò wa kì í pẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó fi yín sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ni kí ẹ kà

Àwọn àgbà ní àjẹìwẹ̀yìn ló pa igún lórí. Nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú páálí, ẹ̀yìn páálí gan-an ni ẹ̀yìn tí ó yẹ kí a wò. Iwájú rẹ̀ ni iléeṣẹ́ ti ń polówó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òfin ti ní kí wọ́n kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára rẹ̀ ń sọ pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé kí ènìyàn máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Ingredients" sí. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú ọjà náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ, èyí tí ó kéré jù ni ó ń kẹ́yìn. Bí ṣúgà bá wà nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣúgà ni ẹ ń rà, ohun yòówù kí wọ́n yà síwájú rẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé orúkọ púpọ̀ ni ṣúgà ń jẹ́: "glucose syrup", "fructose", "dextrose", "invert sugar". Iléeṣẹ́ lè lo mẹ́ta nínú wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kéré, kí ó sì bọ́ sí ìsàlẹ̀, nígbà tí àpapọ̀ wọn ju gbogbo ohun tó kù lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ohun tí kò sí nílé ìdáná ẹnikẹ́ni ní gbogbo àdúgbò yín. Mi ò mọ ìyá kan tí ó ní "emulsifier", "flavour enhancer", "stabiliser" tàbí "modified starch" nínú ìkòkò rẹ̀. Nígbà mìíràn, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń kọ ọ́: E621 ni ohun amọ́bẹ̀dùn tí a mọ̀ sí àjínómótò, E102 ni aró pupa-rúsúrúsú tí a ń pè ní tartrazine, E951 ni aspartame tí ó ń dùn dípò ṣúgà. Kì í ṣe pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn jẹ́ májèlé. Ìjọba fàyè gbà wọ́n ní ìwọ̀n. Àmì ni wọ́n jẹ́. Bí ẹ bá rí òórùn àtọwọ́dá, aró àti ohun amọ́bẹ̀dùn lára ọjà kan ṣoṣo, ẹ mọ̀ pé oúnjẹ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní adùn tirẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì rí "hydrogenated" lára òróró, ẹ gbé e padà. Òfin NAFDAC ní kí irú ọ̀rá burúkú tí ó máa ń ti ibẹ̀ wá má ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí a ó fi máa wá a kiri.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí ó dẹ́rù bà yín. Ẹ ó rí fítámì A lára òróró, ṣúgà àti ìyẹ̀fun, ẹ ó sì rí áyódínì lára iyọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa ló ní kí wọ́n fi síbẹ̀ nítorí ojú àti ọ̀fun àwa ará ìlú, ìyẹn nìkan kò sì sọ wọ́n di oúnjẹ àtọwọ́dá.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn mílíìkì inú ọ̀rá, èmi àti ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Màlúù ńlá wà níwájú rẹ̀, ó dúró nínú koríko. Mo ní kí ó ka ẹ̀yìn fún mi nítorí ìwé ibẹ̀ tín-ínrín. Ó kà á díẹ̀díẹ̀: mílíìkì tí wọ́n ti fa ọ̀rá rẹ̀ yọ, ọ̀rá ewébẹ̀, ohun kan tí kò lè pè, fítámì. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ọ̀rá màlúù náà dà?" Wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì ti fi ọ̀rá inú èso ọ̀pẹ rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fi pamọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba; èmi ni mi ò kà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá fẹ́ mílíìkì, ẹ wá èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé mílíìkì odindi nìkan ni, tí wọn kò fi "filled" tàbí "vegetable fat" kún un.

Irú ìkàwé yìí ni kí ẹ ṣe fún tòmátì inú ọ̀rá, nítorí àwọn kan jẹ́ tòmátì àti iyọ̀, àwọn mìíràn sì jẹ́ omi, tòmátì díẹ̀, sítáàṣì àti aró. Bẹ́ẹ̀ náà ni yógọ́ọ̀tì: mílíìkì àti kòkòrò àìfojúrí tí ń mú un kan ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, kì í ṣe omi, ṣúgà àti òórùn sìtìrọ́bẹ́rì.

Ní ti ohun mímu, ẹ ṣírò rẹ̀. Bí ara ìgò bá sọ pé gíráàmù 10 ṣúgà wà nínú mílílítà 100, ìgò tí ó gba mílílítà 500 ní gíráàmù 50 nínú. Ṣíbí ìpotíì kan gba bí gíráàmù 4, èyí já sí ṣíbí méjìlá àti ààbọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má ju ìdá mẹ́wàá okun tí ènìyàn ń jẹ lóòjọ́ lọ, ìyẹn bí gíráàmù 50 fún àgbàlagbà tí ó ń jẹ kálórì 2000. Ìgò kan ṣoṣo ti gbé e tán. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe ìṣirò yìí lára mọ́ọ̀tì pẹ̀lú, nítorí ó ń dùn mí bí a ṣe ń fi mọ́ọ̀tì àti mílíìkì bọ́ aboyún àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn pé ó ń fún wọn lẹ́jẹ̀. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀ àti ẹja ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá ń lọ kí aláìsàn ní ọsibítù, ẹ gbé ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹyin sísè lọ́wọ́, ayàfi bí dókítà bá ti sọ nǹkan mìíràn.

Búrẹ́dì ló ṣòro jù. Púpọ̀ nínú búrẹ́dì ìlú wa kò ní ìwé lára ju orúkọ beekírì lọ. Ẹ bi ẹni tí ń ṣe é ohun tí ó fi sí i. Kí ẹ sì ṣọ́ ọ nílé: èyí tí ó ń gan lọ́jọ́ kejì, tí ó sì ń bu lọ́jọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ni mo máa ń fọkàn tán ju èyí tí ó rọ̀ bí òwú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi nǹkan rọ́pò nǹkan

Bí ẹ bá yọ kúùbù kúrò láìfi nǹkan kan sípò rẹ̀, ọbẹ̀ yóò tẹ́, àwọn ará ilé yóò sì bínú sí yín, wọn kò sì jẹ̀bi. Iyọ̀ ni ó sábà máa ń ṣáájú lẹ́yìn páálí kúùbù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan tí a fi ọwọ́ nù lórí. Bí a ṣe ń já kúùbù mẹ́ta sí ìkòkò tí a tún ń bu iyọ̀ lé e, ó rọrùn kí a kọjá ibẹ̀ láìmọ̀.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo dín kúùbù mẹ́ta kù sí méjì, mo sì fi ṣíbí ọbẹ̀ kan irú kún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ku kan. Mo din alùbọ́sà púpọ̀ nínú epo títí ó fi pọ́n kí n tó da ata sí i, mo sì lọ edé mọ́ ata. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí kúùbù mọ́, omi ẹran tí mo fi ata ilẹ̀, aáyù àti ewé efinrin sè ni mo fi ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohunkóhun. Ahọ́n máa ń kọ́ adùn tuntun bí a kò bá kán an lójú.

Dípò nọ́dùùsì lálẹ́ tí ó ti rẹ yín, ẹ ní ẹ̀wà sísè nílẹ̀ tí ẹ kàn máa da ata díndín lé, tàbí gàrí èbà tí kì í gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ọbẹ̀ bá ti wà. Bí ẹ bá fẹ́ nọ́dùùsì dandan, ẹ sè é pẹ̀lú ẹyin, kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ púpọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá kékeré amọ́bẹ̀dùn inú rẹ̀ sílẹ̀. Dípò kọ́nfíléèkì, ògì tí a fi sóyà lọ̀. Dípò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, sóbò tí a fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ata ilẹ̀ sè, tí ṣúgà kò sí tàbí tí ó kéré. Dípò sọ́séèjì, ẹyin tàbí wàrà díndín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtọ́sọ́nà yìí gba mílíìkì ìkókó kúrò lẹ́nu ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò lè fún lọ́yàn. Ọ̀rọ̀ ìyẹn wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àpò ilé-ìwé àwọn ọmọ

Ibẹ̀ ni ìjà wà. Ọmọ kò fẹ́ yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí abọ́ oúnjẹ. Mo ti rí i pé bí a bá mú ọmọ dání lọ sọ́jà, tí a ní kí ó fúnra rẹ̀ yan èso méjì àti ìpanu kan tí ó jẹ́ tiwa, yóò jẹ ẹ́ láìjanpata. Ìpanu wa kò sì kéré: ẹpà sísun, gúgúrú, kúlíkúlí, dùndún, ìpékeré, róbó, àti kàṣú, èyí tí Ògbómọ̀ṣọ́ ní lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ dì í sínú ike kékeré mẹ́fà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí àárọ̀ má baà di wàhálà. Kí omi wà nínú ìgò rẹ̀. Bí ìbátan bá mú bisikíìtì àti súwíìtì wá kí yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ó sì parí síbẹ̀. Ohun tí ó wà nílé lójoojúmọ́ ni a ń ṣọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ tọ́jú rẹ̀ láìgbẹ́kẹ̀lé iná mànàmáná

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra ohun inú agolo nítorí pé oúnjẹ tútù ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, iná kò sì dúró. Ata àti tòmátì tí ẹ lọ̀, ẹ sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, ẹ din ín nínú òróró, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ tí ó mọ́, kí òróró bò ó lórí. Ẹ máa gbé e kaná lójoojúmọ́ tàbí kí ẹ tètè lò ó tán. Ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí irú, kí ẹ sá a fẹ́rẹ́ kí ẹ tó dé e sínú ìkòkò. Ògì tí ó wà nínú omi, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀fọ́ ni kí ẹ máa rà díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń já a ní àárọ̀; bí ẹ bá ti di oníbàárà rẹ̀, yóò máa fi èyí tí ó tutù pamọ́ dè yín.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún kó ohun inú kọ́bọ́ọ̀dù síta sórí tábìlì bí ti àkọ́kọ́, kí ẹ ka iye páálí àti ọ̀rá tí ó ní aró àti òórùn àtọwọ́dá nínú. Ẹ kọ iye náà àti ọjọ́ rẹ̀ sára pépà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà, kí ẹ sì mú ọ̀kan nínú èyí tí ó kù níbẹ̀ tí ẹ ó dín kù ní oṣù tí ń bọ̀.